Ẹyin Kan Péré Nínú Bísíkíìtì Àbúrò Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣì máa ń gun àpótí kí ọwọ́ mi tó lè tó orí tábìlì ìdáná, ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ wọ ilé wa ní Sango. Ohun náà ni ẹyin adìẹ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rò pé èèwọ̀ ìdílé ni o. Bàbá mi, tó ti ìhà Ọ̀ṣun wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin kan nítòsí wa, fẹ́ràn ẹyin díndín ju ẹran lọ. Àbúrò mi ọkùnrin ló sọ ẹyin di ohun tí à ń sá fún. Ó jẹ kéèkì níbi ìkómọ kan nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjì, kò sì pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi wú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Dókítà sọ fún màmá mi pé ara ọmọ náà kọ ẹyin, pé bó bá tún jẹ ẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má lè gbà á là mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ìbẹ̀rù ti bá wa jókòó. Bí wọ́n bá fún àbúrò mi ní bọ́nsì, màmá mi á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá lọ síbi àríyá, èmi ni wọ́n máa ń ní kí n máa ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Òun náà kọ́ ọ. Kó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fún un tí kì í kọ́kọ́ bi í pé, "Ṣé kò sí ẹyin níbẹ̀?" Bí ọmọ kékeré ṣe ń béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń pa àwọn ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín. Kò pa èmi lẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà kan wà nínú ọgbà ilé wa tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kúùkù, torí pé ó ti dáná fún àwọn òyìnbó ní Àpápá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àánú àbúrò mi máa ń ṣe é. Òun ló kọ́ mi ní bísíkíìtì tí kò ní ẹyin nínú. Bọ́tà àti ṣúgà la ó kọ́kọ́ pò títí yóò fi funfun, ká tó da ìyẹ̀fun sí i, ká wá máa ta mílíìkì sí i díẹ̀díẹ̀ dípò ẹyin. Bó bá ti dì mọ́ra, a ó ṣù ú róbótó-róbótó, a ó yí i nínú ṣúgà tí a ti pò mọ́ sínámónì, ìyẹn èèpo igi pupa kan tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí òórùn rẹ̀ máa ń gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. A ò ní ààrò ìgbàlódé. Yanrìn la máa ń dà sínú ìkòkò ńlá, a ó gbé e lé sítóòfù, a ó gbé àwo páànù lé orí yanrìn náà, a ó sì da èédú pípọ́n sórí ìdérí.

Ìyá Kúùkù máa ń sọ fún mi pé, "Mílíìkì ni yóò so ó pọ̀. Má fi omi sí i o. Bí o bá fi omi sí i, òkúta lo ṣe yẹn."

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ku ọjọ́ kan kí a gba ìsinmi, olúkúlùkù ọmọ ni yóò sì gbé ohun jíjẹ lọ sí kíláàsì. Àbúrò mi ti ń sunkún láti ọjọ́ tó ṣáájú pé gbogbo èèyàn ni yóò jẹun, òun nìkan ni yóò máa wò wọ́n. Mo ní kó fi mí sílẹ̀, pé mo máa ṣe bísíkíìtì fún un. Màmá mi ti lọ sí Adó-Odò lọ ra gààrí tó ń tà, bàbá mi wà níbi iṣẹ́, Ìyá Kúùkù sì ti wọ yàrá lọ rẹjú. Wọ́n ti tètè tú wa sílẹ̀ nílé ìwé. Mo gbé àwo kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ibi tí mo ti ṣìnà gan-an nìyí. Agolo mílíìkì kan ṣoṣo ló wà nílé. Mo tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, mo tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí mo fi máa rántí ìyẹ̀fun, mílíìkì tó kù kò tó ṣíbí méjì. Mo dà á sí i, mo pò ó, kò dì mọ́ra. Ńṣe ló ń rún wómúwómú bí iyẹ̀pẹ̀ láàárín ìka mi. Mo rántí ọ̀rọ̀ omi àti òkúta. Mo rántí pé bí màmá mi bá dé, tó rí i pé mo ti ba bọ́tà àti ṣúgà jẹ́, tí mo sì mu mílíìkì, ara mi á gbọ́ ọ. Adìẹ onílé wa máa ń yé sí ẹ̀yìn àgbá omi. Mo lọ wo ibẹ̀, mo rí ẹyin kan. Ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo sọ fún ara mi pé ẹyin kan péré ni. Mo ní iná yóò jó agbára rẹ̀ kúrò. Mo fọ́ ọ sí i, mo sì sin èèpo rẹ̀ sínú eérú.

Ìyẹ̀fun náà dì mọ́ra dáadáa. Bísíkíìtì náà jáde, ó pọ́n, ó dára ju gbogbo èyí tí mo ti ṣe rí lọ. Àbúrò mi dúró sẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ó na ọwọ́, àmọ́ kò tíì gbà á.

Ó ní, "Àǹtí mi, ṣé kò sí ẹyin níbẹ̀?"

Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Kò sí."

Ó gbàgbọ́. Ó jẹ ẹyọ kan, ó jẹ ìdajì èkejì. Mo ń ṣọ́ ọ. Mo rí i pé ohunkóhun ò ṣe é, mo ti fẹ́ mí kanlẹ̀, ló bá gbé ọwọ́ sí ọrùn.

"Àǹtí mi, ọ̀fun mi ń yún mi."

Kí n tó dìde, ètè rẹ̀ ti wú bí ètè ẹni tí oyin ta. Ojú rẹ̀ ń pa dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ikọ́ náà kò sì jáde dáadáa. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rù ti bà mí láyé yìí lọ́nà púpọ̀. Mo ti rí ìjàm̀bá ọkọ̀, mo ti rí iná. Kò sí èyí tó dà bí ìgbà tí àbúrò mi ń wo ojú mi pé kí n ran òun lọ́wọ́, tí mo sì mọ̀ pé èmi gan-an ni mo ṣe é.

Mo figbe ta. Ìyá Kúùkù sáré jáde, ìró rẹ̀ ń tú. "Kí ló jẹ? Kí ló jẹ?"

Mo ní, "Bísíkíìtì ni."

"Èyí tí mo kọ́ ọ yẹn?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò béèrè mìíràn, ó pọn ọmọ náà, a sáré bọ́ sí títì láìwọ bàtà. Àsìkò tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ń pààrọ̀ ara wọn ni. Èèyàn ń tú jáde láti ẹnu géètì gbogbo bí eèrà, ọkọ̀ ńláńlá dí ọ̀nà, kò sí takisí kankan tó dúró. Mo ń gbọ́ èémí àbúrò mi lẹ́yìn Ìyá Kúùkù, ó ń dún fíì, fíì. Awakọ̀ ilé iṣẹ́ kan tó ń gbé irin yọrí síta láti inú ọkọ̀ rẹ̀.

"Mama, wetin do the pikin?"

Ìyá Kúùkù kàn fi ojú ọmọ náà hàn án. Ọkùnrin náà ṣí ilẹ̀kùn, ó ń pariwo pé, "Enter! Enter!" Ó tẹ fèrè mọ́lẹ̀ láti ibẹ̀ títí dé ilé ìwòsàn kékeré kan lójú ọ̀nà Ọ̀tà. Kí a tó débẹ̀, fíì fíì yẹn ti ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí ariwo yẹn wà, ẹ̀rù ń bà mí. Nígbà tó ń lọ sílẹ̀, mi ò mọ orúkọ tí mo lè pe ohun tó ń ṣe mí.

Nọ́ọ̀sì gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. "Kí ló jẹ?"

Ìyá Kúùkù ló dáhùn. "Bísíkíìtì ni, nọ́ọ̀sì. Èmi ni mo kọ́ àǹtí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ara ọmọ yìí kọ ẹyin, ṣùgbọ́n kò sí ẹyin nínú rẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra, kò sí ẹyin níbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì náà ní, "Bí kò bá sí ẹyin, á jẹ́ pé májèlé ló gbé mì." Ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó ní kó lọ mú rọ́bà wá kí àwọn fọ inú rẹ̀ kíákíá.

Mo dúró síbẹ̀. Mo ń ro ìyà tí màmá mi yóò fi jẹ mí, mo ń ro ohun tí bàbá mi yóò sọ. Ẹnì kejì náà lọ, ó sì mú rọ́bà náà dé. Wọ́n ti ń la ẹnu àbúrò mi kí ohùn mi tó jáde, ó sì jáde bí ohùn ẹlòmíràn.

"Ẹyin ni! Mo fi ẹyin sí i. Ẹyin ni o!"

Nọ́ọ̀sì ju rọ́bà náà sílẹ̀. Ó fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ó gún ọmọ náà ní itan, ó dì í mú jókòó. Ìyá Kúùkù wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó wá di ẹsẹ̀ àbúrò mi mú. A ń retí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọmọ náà wúkọ́, ó sì bú sẹ́kún, ẹkún gidi tó ní ohùn. Ìyá Kúùkù ní, "Ṣeun, Olúwa," ó sì jókòó sílẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni màmá mi dé ilé ìwòsàn. Àwọn ará ọgbà ti sọ fún un pé bísíkíìtì Ìyá Kúùkù ló fẹ́ pa ọmọ rẹ̀. Bó ṣe wọlé, ìyá arúgbó náà ló dojú kọ.

"Kí ni mo fi ṣe yín, Mà? Kí ni ọmọ mi fi ṣe yín?"

Ìyá Kúùkù dorí kodò. Kò dárúkọ mi. Obìnrin tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ jókòó, ó ń gba èébú tó jẹ́ tèmi. Mo lè dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín, mo kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo kúnlẹ̀ níwájú màmá mi, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí mílíìkì dórí "kò sí" tí mo sọ fún àbúrò mi.

Kò nà mí. Ì bá nà mí, ì bá sàn fún mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọjà lára, ó ní, "O purọ́ fún un?" Nígbà tó yá, ó dìde, ó lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá Kúùkù, ó tọrọ àforíjì.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ra mílíìkì, bọ́tà àti sínámónì, ó kó wọn síwájú mi, ó ní, "Ṣe é." Òun àti Ìyá Kúùkù jókòó tì mí títí mo fi parí. Nígbà tí mo gbé e fún àbúrò mi, kò bi mí ní ìbéèrè rẹ̀. Màmá mi ló yíjú sí, òun ló bi bóyá kò sí ẹyin níbẹ̀. Ó tó ọdún kan gbáko kó tó tún bi èmi.

Ayé ti yí padà báyìí. Àbúrò mi ti ní ọmọ tó ti ṣègbéyàwó. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ mi, ara tirẹ̀ kọ ẹ̀pà, kò sì sẹ́ni tó ń sọ pé ayé ló ń ṣe é. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ nílé ìwé rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń ka ara páálí bísíkíìtì kó tó rà á, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe èyí tí kò ní ẹyin wà lórí fóònù fún ẹni tó bá fẹ́. Inú mi ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó dáná nìkan ló mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ fi sínú ìkòkò, kò sì sí páálí tó lè bá a sọ ọ́. Bí ẹ bá ti ṣe àṣìṣe nínú oúnjẹ ẹlòmíràn, ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n máa béèrè. Àwọn èèyàn rò pé ẹyin yẹn ló ń bà mí lẹ́rù títí di òní. Kì í ṣe ẹyin. Àkókò tí ẹnì kejì nọ́ọ̀sì fi lọ mú rọ́bà, tó sì fi mú un dé, tí mo dúró síbẹ̀ tí mi ò sọ̀rọ̀, òun ló máa ń jí mi lójú oorun.