Fílítà Tó Gbé Bàbá Mi Dé Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá mi máa ń sọ pé ẹnu mi ló kọ́kọ́ jáde nígbà tí òun bí mi, kí ara tó kù tó tẹ̀lé e. Mi ò jiyàn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dájú, kí ló fẹ́ máa fi ìtìjú ṣe? Fílítà ọ́ìlì mọ́tò ni mò ń tà ní Muṣin, mo sì mọ̀ ọ́n tà. Ọkùnrin míì á wọ ṣọ́ọ̀bù mi, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ọ̀gá." Mo máa ń jẹ́ kó wá ọ̀gá náà kiri díẹ̀ kí n tó dá a lóhùn.

Fílítà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ojú lásán rà. Asẹ́ ni. Inú rẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbà kọjá kó tó yí ẹ́ńjìnì ká, òun ló sì ń di ìdọ̀tí àti èérún irin mú. Ẹni tó bá ń gbé mọ́tò rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láti Súrùlérè dé Yábàá, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì le, fílítà gidi tó bá mọ́tò náà mu ti tó o. Mi ò ní kó wá èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó ti rìn jìnnà, tó ti di àgbà, mo ní ohun tí mo máa ń wò nínú fílítà tirẹ̀. Màá mú igi ìṣáná, màá fi ti rọ́bà kékeré tó wà nínú àwọn ihò ẹnu rẹ̀. Rọ́bà yẹn ló ń dá ọ́ìlì dúró nígbà tí wọ́n bá ti pa mọ́tò, kó má baà ṣàn padà sísàlẹ̀. Bó bá rọ̀, tó ń fì padà, ó dáa. Bó bá le, mo ti mọ̀ pé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ́ńjìnì yẹn á kọ́kọ́ fi ẹnu gbígbẹ ṣiṣẹ́ kí ọ́ìlì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Gbogbo èyí ni mò ń wí fún àwọn ará ìta, tí wọ́n sì ń gbọ́. Bàbá mi nìkan ni kì í gbọ́.

Dírẹ́bà ni bàbá mi. Láti Ìdó ló ti ń kó ẹrù lọ sí apá òkè, ní gbogbo ìgbà tó fi lágbára. Ohun tó fi ń yangàn jù láyé ni pé wọn ò fi okùn fa ọkọ̀ òun rí. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ibẹ̀ náà ló ti máa tún un ṣe, ìbáà jẹ́ nínú òjò. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra mọ́tò tòkunbọ̀ kan, ó gbé e kalẹ̀ síwájú ilé wọn ní Ìpọ̀nrí, ó ń nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, òun àti ìyá mi máa padà sílé, sí Ògbómọ̀ṣọ́, pátápátá. Ó sì ní òun fúnra òun lòun máa wa mọ́tò náà wọ ìlú.

"Orí ẹrù iṣu ni mo jókòó sí nígbà tí mo kúrò níbẹ̀," ló wí. "Ìdí síárìn ara mi ni mo máa jókòó sí wọ ibẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wú mi lórí. Mọ́tò yẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Láràárọ̀ tó bá ti tan án, á kọ́kọ́ dún kàkàkàkà bí ìgbà tí wọ́n da òkúta sínú agolo, iná pupa ọ́ìlì kò sì ní tètè kú. Lẹ́yìn náà ni ariwo á wálẹ̀. Mo bi í pé kí ló fà á. Ó ní àgbàlagbà ni, ó ń nara ni.

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìrìn àjò wọn, mo mú fílítà mẹ́ta lọ sí Ìpọ̀nrí kó lè mú ọ̀kan níbẹ̀. Nígbà tí mo dé, mo rí fílítà ògbólógbòó kan lórí irin bákóònì òkè, ó ń gbẹ nínú oòrùn láàárín ìró ìyá mi àti asẹ́ ògì rẹ̀.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Fílítà mi ni. Oríjínà tó bá mọ́tò wá láti òkè òkun. Mo fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ó ti mọ́ tónítóní."

"Ìgbà kelòó rèé tí ẹ ti ń fọ̀ ọ́?"

"Ìwọ ni màá ròyìn fún?"

Ẹ má bínú sí bàbá mi. Àwa ará Èkó ti gbà láàárín ara wa pé ohun tí òyìnbó ti lò sàn ju tuntun tí wọ́n ń kó wá bá wa lọ. Fíríìjì ni o, fáànù ni o, bàtà pàápàá. Èmi náà, fíríìjì tòkunbọ̀ ló wà nílé mi, ó sì ń mú omi dì gbagidi. Ṣùgbọ́n kéèyàn wá gba irú èyí gbọ́ lórí fílítà ọ́ìlì, ìyẹn ni pé ìdọ̀tí òyìnbó ló ń tọ́jú.

Mo kó àwọn mẹ́ta tí mo mú wá sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó gbé àkọ́kọ́. "Féèkì. Ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán jù." Ó gbé ìkejì. "Èyí fúyẹ́." Ó wo ìkẹta títí, kò rí nǹkan kan sọ sí i. "Èyí náà," ló wá wí, "tuntun ni."

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni tuntun wá ṣẹ̀, bàbá?"

"Ìyá rẹ ń fọ asẹ́ ògì láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Ṣé o rí i kó ju asẹ́ nù torí pé ó ti sẹ́ ògì lẹ́ẹ̀kan?"

Ìyá mi lọgun láti ilé ìdáná. "Ẹ yọ asẹ́ mi kúrò nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò yín o!"

"Aṣọ ni asẹ́ ògì, bàbá. Ìwé ló wà nínú èyí. Ta ló ń fọ ìwé?"

Orí mi gbóná. Àwọn èèyàn ń ti Ìkòròdú wá sọ́dọ̀ mi pé kí n bá wọn yan fílítà, bàbá tó bí mi wá ń wò mí bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́. Ṣùgbọ́n a kì í jágbe mọ́ bàbá ẹni. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n gé e, bàbá. Kí a jọ wo inú rẹ̀."

Ó gbé fílítà náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó wọlé lọ, mo rò pé ó ti bínú. Ayùn irin rẹ̀ ló lọ mú wá.

"Gé e. Bí inú rẹ̀ bá mọ́, o ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ fílítà sí mi létí mọ́."

Mo gé e. Kí n má purọ́, mi ò tíì rí inú rẹ̀ rí, àbá lásán ni mò ń dá. Nígbà tí páànù náà ṣí, ìwé inú rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, ẹrọ̀fọ̀ dúdú sì kún àárín ìṣẹ́po rẹ̀. Ó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá mi fi ìka méjì mú rọ́bà inú rẹ̀. Ó le bí èèpo ọsàn tó ti gbẹ, ó sì ṣẹ́ sí i lọ́wọ́.

Ẹnu ti ń yún mi. Mo ní àwọn ọ̀rọ̀ dídùn kan tí mo fẹ́ sọ. Mo wá rí ojú rẹ̀, mo gbé gbogbo rẹ̀ mì. Mo mọ ohun tó ń rò: okùn. Kí wọ́n wá fi okùn fa òun wọ Ògbómọ̀ṣọ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ òun, nínú ìrìn àjò tó kẹ́yìn gbogbo rẹ̀.

Ó to fílítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ síwájú mi.

"Èwo?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, bàbá mi kò bi mí ní nǹkan kan rí nípa mọ́tò. Inú mi dùn débi pé mo rọra yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni tí kò rí wọn rí. Mi ò mú èyí tó dán. Ti àwọn tó ń lo ọ́ìlì olówó iyebíye nìyẹn, tí wọ́n sì ń pẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Ọ́ìlì tó ki ni bàbá mi ń lò, ó sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò. Mi ò mú èyí tó fúyẹ́, tí mo máa ń fi sínú mọ́tò tèmi, nítorí ẹ́ńjìnì tèmi ṣì jẹ́ ọmọdé. Ìkẹta ni mo mú, èyí tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ó jẹ́ tuntun. Ó wúwo lọ́wọ́, ìwé inú rẹ̀ pọ̀, rọ́bà rẹ̀ sì rọ̀ bí etí ọmọ. Mo fi ẹnu rẹ̀ wé ti èyí tí mo gé, wọ́n bára mu.

Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló dè é. Ó kọ́kọ́ rọ ọ́ìlì díẹ̀ sínú rẹ̀, ó fi ìka pa ọ́ìlì sí rọ́bà etí rẹ̀, ó wá fi ọwọ́ lásán yí i títí ó fi mú. Kò fi sípánà kàn án. Ọwọ́ àgbà yẹn kò gbọ̀n rárá. Mo dúró tì í, mo ń yangàn nínú mi pé ọmọ ọkùnrin yìí ni mí.

Mo sùn síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tan mọ́tò. Iná pupa tàn, ó kú. Kò sí ariwo kankan. Ìyá mi yọjú láti òkè. "Ẹ̀yin, ṣé kò tan ni?"

Ní ọjọ́ ìrìn àjò, ìyá mi wà lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù, èmi wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. A kọjá Ìbàdàn. A sinmi ní Ọ̀yọ́, ó pa mọ́tò, a jẹun. Nígbà tó tún tan án, ó wo iná ọ́ìlì, ó wá wò mí. Mo yíjú sí fèrèsé.

Nígbà tí a ti ń rí àwọn òrùlé Ògbómọ̀ṣọ́, ó yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó dúró.

"Kí ló dé, bàbá? Ṣé iná ọ́ìlì ni?"

Ó ti bọ́ sílẹ̀. Ó yí mọ́tò po, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mi.

"Bọ́ sí ọ̀hún. Ìwọ wà á wọlé."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní ẹ fẹ́ fúnra yín…"

"Mo mọ ohun tí mo wí. Wà á."

Mo wà á. Mi ò sáré. Nígbà tí a wọ agboolé wọn, tẹbí tará ti jáde. Àbúrò rẹ̀ obìnrin rí i pé kò sí ní ìdí síárìn, ó fi ọwọ́ lé àyà.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Kí ló ṣe yín? Ṣé ara yín ò yá ni?"

Bàbá mi rọra sọ̀ kalẹ̀, ó na agbádá rẹ̀ dáadáa.

"Ara mi le koko," ló wí. "Mo ti ní ẹni tó ń gbé mi ni."

Ó sọ ọ́ sókè, kí gbogbo agboolé lè gbọ́.