Ọjọ́ Tí Ásíìdì Dà sí Ọmọ́táyọ̀ Lọ́wọ́

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fojú kan ásíìdì ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìlútítun.

A ti ń kọ́ kẹ́mísírì bọ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ojú pátákó nìkan ni a ti ń rí i. Ìdánwò àṣekágbá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó gbé ìgò ásíìdì kan dé. Tíṣà ní kí Ọmọ́táyọ̀, ọ̀rẹ́ mi, ṣí i. Ìdérí rẹ̀ le. Bí ó ṣe fi agbára fà á, ásíìdì dà sí i lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì fi igbe ta.

"Ẹ lọ bu epo pupa wá," ni tíṣà wí, torí epo ni a máa ń fi pa ojú iná nílé wa. Mo sáré lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fún epo lẹ́yìn ọgbà. Mo kọjá lára kànga ní àlọ, mo tún kọjá lára rẹ̀ ní àbọ̀.

Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn ní Òkìtìpupa, nọ́ọ̀sì wo epo náà, ó mi orí.

"Omi ni ẹ̀ bá ti tètè dà sí i, omi púpọ̀. Ta ló ń kọ́ yín?"

Ìwé tí wọ́n fi kọ́ tíṣà wa náà ló fi ń kọ́ wa, kò sì sí omi nínú rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n yí ìwé náà padà.

Nígbà ìdánwò, wọ́n bi wá pé kí ni ásíìdì. Ọwọ́ òsì ni Ọmọ́táyọ̀ fi kọ ìdáhùn rẹ̀. Ó kọ ọ́ bí ó ṣe wà nínú ìwé láìku ọ̀rọ̀ kan, ó sì gbà á.