Sààrì Tí Bàbá Wa Ṣe Ní Èkó

Òórùn èso kajú tó ti ń kan nínú oko ní Ìwéré-Ilé ló máa ń mú mi rántí ọdún tí kókó kan yọ sí bàbá wa lọ́rùn. Ìwọ náà ṣáà mọ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá ń kí ènìyàn láàárọ̀, oòrùn á ti kanrí kí wọ́n tó béèrè àwọn ọmọ.

Dókítà ní jẹjẹrẹ ni, pé kókó ọrùn yẹn kàn jẹ́ ọmọ ni. Ìyá rẹ̀ ti sá pamọ́ síbòmíràn nínú ara, bí a kò bá sì rí ìyá, a kò ní mọ ìtọ́jú tó yẹ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé wọn dé Èkó, níbi tí ẹ̀rọ kan wà tó ń ya àwòrán gbogbo inú ara. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé jẹjẹrẹ fẹ́ràn ṣúgà. Bí ebi bá ti ń pa á, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fún bàbá wa ní ṣúgà tó ń tàn, ìyẹn á sì tàn án jáde níbi tó sá sí.

“Bàbá, ẹ gbààwẹ̀ wá lọ́la o.”

“Ààwẹ̀? Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi, ọmọ mi.”

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, bàbá wa ti dìde nílé àbúrò mi tí a wọ̀ sí, wọ́n ti mu abọ́ ògì ńlá kan tó dùn bí oyin. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gún ìka wọn láti wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ó lanu.

“Bàbá, kí lẹ jẹ?”

“N ò jẹ nǹkan kan, àfi sààrì.”

“Sààrì kẹ̀?”

“Ṣé ẹ̀yin máa ń gbààwẹ̀ láìṣe sààrì ni?”

Ẹ̀rín pa nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n wọ́n dá wa padà sílé. Ìyá wa kò rẹ́rìn-ín rárá. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, ó ń ba èmi náà, torí kókó yẹn ń tóbi sí i. “Ẹ ń wá olè, ẹ tún ń se oúnjẹ fún un,” ni wọ́n ń wí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a óò padà sí ilé ìwòsàn, ìyá wa fi kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná sábẹ́ ìrọ̀rí wọn sùn. Ẹ̀rọ náà rí ìyá jẹjẹrẹ: ìdí ahọ́n ló lúgọ sí. Dókítà fi àwòrán hàn wá, ibẹ̀ ń tàn yòò. Ìyá wa wò ó, wọ́n mí kanlẹ̀.

“Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ yín ni mo ti ń sọ pé ẹnu yín ni.”

Dókítà pàápàá kọjú sí ògiri rẹ́rìn-ín.

Ìtọ́jú náà gba ohùn lẹ́nu bàbá wa fún ìgbà pípẹ́. Ilé wa ní Ìwéré-Ilé pa lọ́lọ́, àwọn tó ń kọjá ń bi wá bóyá a ti fẹ́ kó lọ. Ìyá wa á jókòó tì wọ́n lábẹ́ igi kajú, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ máa sọ ìtàn bàbá wa ní òdì, bóyá inú á bí wọn kí wọ́n tún un sọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ohùn kan tó há jáde lẹ́nu bàbá wa: “Irọ́ ni!” Ìyá wa bú sẹ́kún.

Ariwo tí mo rò pé ó ń dí mi létí, àṣé òun ni ilé wa fi ń jẹ́ ilé. Ìyá wa tí wọ́n máa ń ní kí bàbá wa panu mọ́ tẹ́lẹ̀, àwọn náà ni wọ́n wá ń bi bàbá wa báyìí pé, “Kí ló tún wá ṣẹlẹ̀?”