Gbòǹgbò Tí Mo Gé

Mo ń wọn apá bùbá oníbàárà kan ní ẹ̀ẹ̀kejì, kí n tó fi àlùmọ́gàjí kàn án, nígbà tí òórùn ẹja gbígbẹ wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Kì í ṣe òórùn ẹja tí a ń rí rà ní Sabon Gari ní Kánò níbí. Èéfín igi ẹ̀gbà ló wà lára èyí, igi tí ń hù nínú àbàtà omi iyọ̀ létí òkun. Bánjí, ọmọ àbúrò bàbá mi, ló sọ̀ kalẹ̀ nínú adaidaita, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó gbé páálí ẹja lé orí tábìlì mi. Ìwé kan wà ní abíyá rẹ̀.

Ìwé náà kò gùn. Àwọn kan fẹ́ ra àbàtà tó wà lẹ́yìn ilé wa ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, kí wọ́n da iyanrìn kún un, kí wọ́n lè kọ́ ilé sórí rẹ̀. Ojúlé mẹ́rin ló ni ín. Mẹ́ta ti fọwọ́ sí i. Bàbá mi ti kú, èmi sì ni àkọ́bí rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ ojúlé tiwa wà lọ́wọ́ mi.

"Àǹtí, ẹ kàn fọwọ́ síbí," ni Bánjí wí. "Ẹrẹ̀ àti ẹ̀fọn lásán ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di obìnrin Hausa, Bahaushiya gidi, kí lẹ fẹ́ fi àbàtà ṣe?"

Òórùn yẹn ti gbé mi lọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí a bí sí Kánò bíi tèmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá mi rán mi lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kí Yorùbá lè yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo kúnlẹ̀, mo kí Ìyá Àgbà ní "Ina kwana", bí àwọn Hausa ṣe ń kí ara wọn láàárọ̀. Ó fọwọ́ kan iwájú orí mi, ó ń wò ó bóyá ibà ló ń ṣe mí.

Orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé sí níbẹ̀. Lẹ́yìn ilé ìdáná, àwọn ẹ̀gbà dúró lórí gbòǹgbò wọn bí ẹni tó ká ṣòkòtò sókè kó má baà tutù. Bí omi bá fà, ẹ ó rí akàn àti ọmọ ẹja wẹ́ẹ́wẹ́ láàárín gbòǹgbò. Lọ́dọọdún, tí ẹja bá fẹ́ yé ẹyin, àwọn obìnrin abúlé á fi ọkọ̀ ojú omi kan tó ti gbó dábùú ẹnu odò wa. Títí oṣù yóò fi lé lẹ́ẹ̀mejì, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ju àwọ̀n síbẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá kankan tí ń ṣọ́ ọ. Ìyá ọ̀rẹ́ mi, Mójì, tí ilé wọn kọjú sí tiwa, a máa jẹ púpurú pẹ̀lú ata lásán dípò kó rú òfin náà.

Ṣùgbọ́n ọmọ Sabon Gari ni mí. Ní Sátidé ìmọ́tótó, bàbá mi máa ń kó wa jáde láti ro gọ́tà, kí omi òjò má baà wọlé. Ìgbà tí mo rí gbòǹgbò wọ̀nyẹn nínú omi, mo ní gọ́tà Ìyá Àgbà ti dí. Lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà lọ sọ́jà, mo mú àdá, mo gé e láti ẹ̀yìn ilé ìdáná títí dé ibi tí agbára mi mọ. Mo to igi náà jọ, mo gbá orí pákó, mo jókòó, mò ń retí oríyìn.

Ìyá Àgbà kò nà mí. Ìbá sàn kó nà mí. Ó kàn jókòó, ó ń wo ibẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìgbì gba ojú ọ̀nà tí mo là wọlé, ó gbé ilé ìdáná lọ tòun ti ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja. Àwọn ọmọ abúlé sọ mí ní Ọ̀gá Gọ́tà.

Wọ́n ní kí n gbìn ín padà. Èso ẹ̀gbà gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ìdí rẹ̀ ni a ń tì bọ ẹrẹ̀. Lójoojúmọ́ tí omi bá ti fà, èmi àti Mójì, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, á rì sínú ẹrẹ̀ dé orúnkún.

"Tẹ̀ ẹ́ ṣinṣin, Ọ̀gá Gọ́tà! Àbí o fẹ́ kí akàn gbé e sá lọ?" Mójì á wí.

Ìdajì rẹ̀ kú. A tún un gbìn. Nígbà tí bàbá mi wá mú mi lẹ́yìn ọdún méjì, ó ti tó mi ní ìbàdí.

A kò tíì bí Bánjí nígbà náà. Mo ka ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹja nínú rẹ̀, kò sì sí orúkọ obìnrin kankan àfi tèmi. Mo ká a sí mẹ́rin, mo dá a padà fún un.

"Mi ò fọwọ́ sí i."

"Àǹtí, ojúlé mẹ́ta ti gbà!"

"Ojúlé mẹ́rin lẹ ń wá."

"Ẹ ò tilẹ̀ gbé ibẹ̀!"

"Ohun tí ẹ fẹ́ fi iyanrìn ṣe, mo ti fi àdá ṣe é rí. Mo mọ ibi tí omi ń gbà wọlé."

Ó bínú lọ. Ìyá Àgbà ti kú, àwọn ọ̀dọ́ ti kó lọ sí Èkó, ẹja kò sì tóbi bíi ti àtijọ́ mọ́. Ní abúlé kejì, níbi tí wọ́n ti gé gbogbo ẹ̀gbà wọn, òkun ti gba ilé ìjọsìn. Tiwa ṣì dúró. Àwọn obìnrin ṣì ń fi ọkọ̀ dábùú odò. Mójì ni olórí wọn báyìí, wọ́n sì ń tọ́jú ọmọ ẹ̀gbà nínú ọ̀rá kí wọ́n tó lọ gbìn ín. Ẹni tó bá fẹ́ kó máa pè é ní ẹrẹ̀ lásán. Ìbuwọ́lù tèmi kọ́ ni yóò fi tà á.

Mo pe Mójì lórí fóònù, mo ní mo ti kọ̀. Èmi tí kì í lè sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn mẹ́ta, mo rò pé yóò yìn mí.

"O ṣeun," ó ní. "Ṣùgbọ́n Kánò lo ti kọ̀ ọ́, etí Bánjí nìkan ló sì gbọ́ ọ. Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé ẹbí. Wọ ọkọ̀, kí o wá kọ̀ ọ́ níbí."