Àwòdì Kò Fi Rìmóòtù Sílẹ̀

Àwòdì ni wọ́n ń pe àbúrò mi obìnrin níbi iṣẹ́, nítorí dírónù, ẹ̀rọ kékeré tó ń ya àwòrán láti òkè, ló ń fi rìmóòtù fò. Iléeṣẹ́ wọn ló ń bá àwọn onílé yẹ òrùlé, òpó gíga àti táǹkì omi wò, kí ẹnikẹ́ni má baà gun àkàbà kó já bọ́. Èmi ni mo ń wa ọkọ̀ wọn. Ohun tí mo rí ni mo ń sọ.

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bàbá wa ní irú ẹ̀ nígbà ayé wọn. Tíì kì í dé ẹnu wọn kó má dà sílẹ̀. Dókítà ní kò ní pa á, kò sì ní lọ. Ẹni tó ń gbálẹ̀ lè máa gbọ̀n, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ìdarí méjì tó wà lórí rìmóòtù kò gùn tó ìka, àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń tì í. Bí àtàǹpàkò bá gbọ̀n nílẹ̀, dírónù á gbọ̀n lókè, àwòrán á sì dà bíi pé ayé ń mì.

Ọ̀gá wọn ní kó fi rìmóòtù sílẹ̀, kó wá jókòó ti fóònù ní ọ́fíìsì. Àwòdì ní òun ò lọ síbì kankan. Ọ̀gá ní ó dáa, kó wá fò ó níwájú òun níbi táǹkì omi oníbàárà wọn kan. Bí àwòrán bá mì, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ilé mi ló gbé kọ̀ǹpútà wá. Ìlà kan wà nínú rẹ̀ tó ń fi hàn bí dírónù ṣe máa gbọ́ràn sí ọ̀pá lẹ́nu: bí wọ́n bá tì í díẹ̀, báwo ló ṣe máa yára tó, bí wọ́n bá tì í dópin, báwo ni. Ó kọ́kọ́ fa gbogbo ìlà náà wálẹ̀. Gbígbọ̀n náà lọ lóòótọ́. A gbé dírónù lọ sí pápá. Ìjì, ọmọkùnrin tí òun náà ń fò dírónù níléeṣẹ́ wọn, tó fẹ́ràn eré àsápajúdé, wò ó títí, ó ní, "Màmá, dírónù yín ń tòògbé."

"Jẹ́ kó máa tòògbé," ni Àwòdì dá a lóhùn. "Tìẹ tí kì í sùn, òun kọ́ ló fọ́ fèrèsé onífèrèsé?"

Ṣùgbọ́n atẹ́gùn dé, ó ń gbé dírónù lọ sídìí igi kan. Àwòdì ti ọ̀pá dópin, kò yára tó. Ọ̀kan nínú abẹ̀bẹ̀ tó ń gbé dírónù fò kán mọ́ ẹ̀ka. Ìjì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, ó gbé e mì.

Nínú ọkọ̀, àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣìṣe. Ẹkún ọmọ ni mo fẹ́ dá dúró, ẹnu rẹ̀ ni mo lọ dí."

Ó tún un tò. Gbígbọ̀n ọwọ́, ìtì díẹ̀ láàárín ọ̀pá ni tiẹ̀ mọ. Kì í dé ìpẹ̀kun. Nítorí náà ó tẹ́ àárín ìlà náà pẹrẹsẹ, kí dírónù dití sí ìtì kékeré, ó sì jẹ́ kí ìpẹ̀kun rẹ̀ ga, kó lè sá bí òun bá tì í gan-an. Ẹ̀yìnkùlé mi ló ti dán an wò, láàárín okùn tí ìyàwó mi ń sáṣọ sí. Ìyàwó mi kọ́kọ́ ká gbogbo aṣọ rẹ̀ kó tó gbà. Nígbà tó ṣe, ó tún sá wọn padà, dírónù ń gba àárín wọn kọjá.

Ọjọ́ náà pé. Ọ̀gá, Ìjì àti ẹni tó ni táǹkì dúró sídìí táǹkì náà. Òfin iléeṣẹ́ ni pé bákan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ to gbogbo dírónù, kẹ́nikẹ́ni lè gbé èyí tó bá rí. Ọ̀gá bi í bóyá ó ti dá tiẹ̀ padà sí ti iléeṣẹ́.

"Rárá, ọ̀gá." Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí i, ó ń gbọ̀n rìrì. "Ẹ ní kí n wá fi ọwọ́ mi hàn yín. Òun rèé. Mi ò ní fi pamọ́, mi ò sì ní fi ọwọ́ ẹlòmíì fò."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin fún un. Kò dúró gbọ́. Dírónù ti gbéra. Ó sún mọ́ táǹkì, ó dúró síbẹ̀ digbí. Àwòrán ojú rìmóòtù kò mì: a rí ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, a rí ìpẹtà, a rí ibi tó sán tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi ń gbà yọ. Atẹ́gùn fẹ́ lójijì. Ó ti ọ̀pá dópin, dírónù yẹra fún irin náà, ó padà sípò. Ìjì kò sọ̀rọ̀ oorun mọ́.

Ọ̀gá ní kó sún mọ́ ibi tó ń jò yẹn. Ó sún mọ́ ọn. Ẹni tó ni táǹkì ní òun fẹ́ rí ẹ̀yìn táǹkì náà. Àwòdì kò lọ sẹ́yìn. Ó sọ dírónù kalẹ̀ pẹ̀lẹ́ síwájú bàtà ọ̀gá.

"Ta ló máa fò ó lọ́la?" ló bi í.

Ọ̀gá ní kí wọ́n parí ti òní ná.

"Mi ò parí ti òní tí mi ò bá mọ ti ọ̀la."

Ẹni tó ni táǹkì ń wo aago. Ọ̀gá wo òkè, ó wo bàtà rẹ̀. "Ẹ̀yin ni," ló wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ nǹkan sí i lára, kí Ìjì má lọ ṣèèṣì gbé e."

Ó mú bírò nínú ọkọ̀ mi, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i gàdàgbà. Ọwọ́ kò jẹ́ kí lẹ́tà náà tọ́. Ìjì ní òun ò lè kà á.

"Kò dìgbà tó o bá kà á," ni Àwòdì wí. "Má ṣáà fọwọ́ kàn án."

Ó ki bátìrì tuntun bọ̀ ọ́, ó sì lọ yẹ ẹ̀yìn táǹkì wò.