SSD Tí Ẹ̀gbọ́n Màámi Rà Fún Mi Kò Wọ Inú Láptọ́ọ̀pù Mi

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ni, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí láptọ́ọ̀pù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, bí ìgbà tí adìẹ bá ń ṣa àgbàdo lórí páànù. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́ yìí, mi ò mọ ohun tí n óò ṣe.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ilé àwọn òbí mi ní Ìlobù ni mo wà. Iṣẹ́ ò yọjú. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá náà ni iléèwé kan ní Ìbàdàn ní kí n wá máa bá àwọn tún fídíò ẹ̀kọ́ àwọn tò, láti ilé ni n óò ti máa ṣe é. Wọ́n ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí ni kí n bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn débi pé ẹ̀rù bà mí. Ṣé ó ti ṣe yín bẹ́ẹ̀ rí? Kí nǹkan rere dé, kí ọkàn yín sì máa wá ibi tí yóò ti bàjẹ́?

Kò pẹ́ tí mo fi rí ibẹ̀. Háàdì dísìkì láptọ́ọ̀pù mi, ibi tó ń kó gbogbo nǹkan pamọ́ sí, ló ń kú lọ. Bí mo bá tàn án, mo lè fọ abọ́, kí n gbálẹ̀, kó tó ṣí. Bí mo bá wá gbé fídíò sínú ẹ̀, ó dúró gbagidi. Gbogbo ohun tí mo kà ló ní kí n yọ háàdì dísìkì, kí n fi SSD, irú ẹ̀ tìgbàlódé, rọ́pò ẹ̀, pé kíá ni á máa yá.

SSD wo? Bí mo ṣe ń kà nípa ẹ̀ ni ìdààmú mi ń pọ̀ sí i. Ọ̀kan wà tó fẹ̀, tó rí pẹlẹbẹ, tó tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Òmíràn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ṣúìngọ́ọ̀mù. Títẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló yára jù, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù tèmi ti pẹ́, tòkunbọ̀ ni, kò sí ojú ibi tó máa wọ̀ sí nínú ẹ̀. Mo kà á, mo tún un kà, mo béèrè, mo tiẹ̀ lá a lójú àlá. Èyí tó fẹ̀ ni tèmi. Ó dá mi lójú.

Agbára àtirà á ni kò sí. Ni màámi bá pe ẹ̀gbọ́n wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ọmọ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni màámi, ọmọ Ìlobù ni bàbá mi. Ẹ̀yin tí ẹ wà lágbègbè wa mọ bó ṣe máa ń rí fún irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì bá gbóná. Bàbá Ràṣídì, ẹ̀gbọ́n màámi, ò bá bàbá mi jà o. Wọ́n kàn ṣíwọ́ wíwá sílé wa ni. Bàbá mi náà ò sì lọ sí Ìfọ́n mọ́. Orí fóònù ni wọ́n ti ń kíra. Ṣé àlàáfíà ni? Àlàáfíà ni. Ó parí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ yìí, Bàbá Ràṣídì pè mí fúnra wọn. Wọ́n ní àwọn ti wà ní Òṣogbo, níwájú ẹni tó ń ta nǹkan kọ̀ǹpútà, oríṣi méjì ló sì gbé kalẹ̀. Èwo ni kí àwọn rà?

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ̀ ọ́n. Ó wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé kọ́ nìyẹn. Àgbà fẹ́ ta èèyàn lọ́rẹ, kéèyàn wá máa ṣà á lẹ́ṣà? Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé wọ́n ń rí mi, mo ní, "Èyí tí ẹ bá ti rí náà ni, sà. Ẹ ṣeun, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Èyí tó dáa jù ni n óò rà fún ọ, Àbẹ̀kẹ́."

Èyí tó dáa jù. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọn ò fi rán ẹnikẹ́ni. Àwọn fúnra wọn ló gun ọ̀kadà wọn wá sí Ìlobù. Bí bàbá mi ṣe gbọ́ ohùn wọn, láìwọ bàtà ni wọ́n jáde, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ fún àna wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ṣì mọ ọ̀nà ilé wa?"

"Bí èmi ò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀kadà mọ̀ ọ́n. Dìde jàre. Ṣìdíkátù, o ò ní fún mi lómi ni?"

Màámi sáré bu omi wá. Ojú ni wọ́n ń nù.

Nígbà tí gbogbo wa jókòó ní pálọ̀, Bàbá Ràṣídì ṣàdúà sórí SSD náà, pé kí Ọlọ́hun fi ṣe ọ̀nà ọlà fún mi. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ dákọ́nì, ń ṣe àmín ketekete. Mo fi ìkúnlẹ̀ gbà á. Mo wo ọwọ́ mi.

Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni.

Ṣé kí n sọ ọ́ níbẹ̀ ni? Ẹ bá mi rò ó. Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín, ó sì pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn. Mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́. Bàbá Ràṣídì ní kí n fi sí i kí àwọn rí i, mo ní ó di ọ̀dọ̀ enjiníà.

Enjiníà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá ọjà tú ìdí láptọ́ọ̀pù, ó wo SSD, ó wò mí. "Aúńtí, kó wọbo? Àbí kí n fi há a létí ni?" Mo ní mo mọ̀, pé mo kàn ń retí iṣẹ́ ìyanu ni. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kí n lọ pààrọ̀ ẹ̀. Mo fi nọ́ńbà tó wà lára páálí ẹ̀ pe ẹni tó tà á ní Òṣogbo, òun náà gbà, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó rà á gan-an ló gbọ́dọ̀ gbé e wá, kó má baà di wàhálà.

Màámi ní mi ò gbọdọ̀ dán an wò. "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni."

Mo ní, "Mo ti dúpẹ́, mà. Kò wọlé ni."

"Kó o wá dá a padà sí Ìfọ́n? Kí wọ́n lè sọ pé Ìlobù kọ ohun táwọn gbé wá?"

Bàbá mi ní òótọ́ ló dáa. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá mi pe Bàbá Ràṣídì. Wọ́n ní, "Èmi kọ́ ni wọ́n fún."

Lánàá, Bàbá Ràṣídì tún pè. Ṣé ó ń sáré dáadáa? Mo ní, "A dúpẹ́, sà." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Inú wọn dùn, wọ́n ní lọ́la, ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, àwọn àti ìyàwó wọn ń bọ̀ wá wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bàbá mi ti ra adìẹ. Mọ́ńdè, ọjọ́ kejì ẹ̀, ni iléèwé yẹn máa fi fídíò ránṣẹ́. Bí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ lọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀nà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là yìí tún lè dí.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí àgbà bá bi yín pé èwo lẹ fẹ́, ẹ dá wọn lóhùn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ ni. Èmi rò pé ìwà mi ni wọ́n ń dán wò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yẹn ò lè ràn mí lọ́wọ́ lọ́la. Ẹ̀yin tí ẹ ti dá ẹ̀bùn padà fún àgbà rí, tí ìfẹ́ ò sì bàjẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi: kí wọ́n tó jẹun ni kí n sọ ọ́, àbí lẹ́yìn oúnjẹ? Nígbà tẹ́ ẹ kúnlẹ̀, gbólóhùn wo lẹ kọ́kọ́ sọ?