Èèpo Igi Ṣáínà àti Ìdọ̀bálẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti dàgbà, èbúté Owendo ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń bó èèpo lára igi gẹdú kí wọ́n tó là á sí pákó. Orí èèpo igi ló ń rìn láti àárọ̀ dalẹ́. Ó pọ̀ níbẹ̀ débi pé ńṣe ni wọ́n ń dáná sun ún. Ọkùnrin yìí kan náà ló gbé páálí aláwọ̀ góòlù wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò PK8, tó ní òun ra oògùn ìbàdí lọ́dọ̀ ará Ṣáínà. Mo ṣí i. Háà! Èèpo igi ni.

"Ẹ̀gbọ́n, èèpo lẹ lọ rà?"

"O ò mọ nǹkan kan. Wò ó." Ó ṣẹ́ ẹyọ kan sí méjì, àmọ́ kò já, okùn funfun tín-ín-rín ń fà láàárín rẹ̀ bí ọbẹ̀ ilá. "Bó ṣe di ara rẹ̀ mú yìí ló ṣe máa di eegun ẹ̀yìn mi mú."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà ayé ìyá wa, bí màmá bá ti se àgbo èèpo ọ̀gánwó, imú ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń dì, á ní ìwà ará oko ni. Ti Ṣáínà wá dé, ó ń mu ún, ó ń lá ètè. Pákó wa ń wọkọ̀ ojú omi lọ bá wọn, èèpo tiwọn ń bọ̀ wá bá wa nínú páálí. Ta ni ká bá wí?

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti kú, ọkùnrin náà sì ti rí opó kan tó ń ta aṣọ ní àdúgbò Venez-Voir, obìnrin gidi tí èmi náà fẹ́ràn. Ẹ̀gbọ́n opó náà ló fárígá. Ó ní àbúrò òun ti tọ́jú ọkọ àkọ́kọ́ lórí àìsàn títí tó fi kú, òun ò ní í fà á fún aláìsàn mìíràn. Bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ ìdána, ọkọ gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna, kó sì dìde. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ìbàdí ń yọ ọ́ lẹ́nu, ìyàwó bọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ náà, ó da omi èèpo yẹn mu kí a tó jáde. "Ara mi le koko," ló wí. Ẹlẹ́nu yẹ̀yẹ́ ni mí, àmọ́ fìlà rẹ̀ ni mo bá a tún ṣe.

A délé àna, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó wuyì, ẹ ò bá rí i! Ẹ̀gbọ́n ìyàwó gbàdúrà, ó ní, "Ó tó, ẹ dìde." Ẹ̀gbọ́n mi ò dìde.

"Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀!" ni àwọn àna ń wí. Wọ́n tún gbàdúrà, wọ́n tún ní kó dìde. Kò mira. Ìyá àgbà kan ń nu omijé nù, ó ní irú ọkọ ọmọ báyìí ò sí mọ́ láyé. Àmín là ń ṣe, àmín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ wá lẹ́nu. Ìgbà náà ni mo rí òógùn tó ń kán láti iwájú orí rẹ̀ sórí ẹní. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀rín kúrò lọ́rọ̀ mi pátápátá. Ìbàdí ti há.

Ìyàwó ló dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀, ó gbọ́ ohun tó sọ, ó sì gbójú sókè.

"Ẹ dákun, àdúrà ti tó. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún, kò lè dìde."

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó nàka sí ẹni tó wà nílẹ̀. "Ṣé o rí ohun tí mò ń sọ?"

"Mo rí i," ni obìnrin náà fèsì, ó ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ bá mi di ẹsẹ̀ ọkọ mi mú, ká gbé e."